Ọ̀ṣọ́ ọdún tí a fi aṣọ felt ṣe: báwo ni mo ṣe lè ṣe é tí kò ní gbówó lórí?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Kérésì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé ọwọ́ wa la ó fi ṣe gbogbo ohun tí a ó gbé kọ́ sára igi lọ́dún yìí. Ìràwọ̀, agogo, ẹyẹ kéékèèké, bí ogún lápapọ̀, àti ẹ̀wọ̀n ọ̀ṣọ́ kan tí a ó ta sójú fèrèsé. Owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan rárá. Mo ra felt pélébé mẹ́rin, mo gé ìràwọ̀ márùn-ún, mo fi gọ́ọ̀mù olómi lẹ ojú méjèèjì pọ̀. Gọ́ọ̀mù náà la aṣọ já, ó gbẹ sójú ìràwọ̀ bí àbàwọ́n òróró. Etí gbogbo wọn sì rí ṣágiṣàgi bí ohun tí eku jẹ. Àwọn ọmọ ní ó dára, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí i.

Ṣé kí n máa lẹ̀ ẹ́ ni àbí kí n máa rán an? Kí ni mo lè fi kún inú rẹ̀ tí n kò ní rà? Ṣé ohun kan wà tí mo lè lò dípò felt tuntun? Mo mọ abẹ́rẹ́ lò díẹ̀, n kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ.

Olówùú Mẹ́fà:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ má da àwọn ìràwọ̀ yẹn nù, mo máa sọ ohun tí ẹ ó fi wọ́n ṣe. Ẹ rán an, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́. Felt kì í ṣe aṣọ híhun. Fọ́nrán tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra títí tó fi di ọ̀kan ni, ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ kì í fi í tú. Ẹ kò ní ṣẹ́ etí, ẹ kò ní yí i padà sínú síta. Ẹ kàn gbé ojú méjì léra, ẹ rán etí yíká, ó parí. Ṣùgbọ́n àárín fọ́nrán yẹn náà ni gọ́ọ̀mù olómi máa ń gbà jáde bí omi ṣe ń wọ yanrìn.

Òwú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ọnà sára aṣọ ni kí ẹ lò. Fọ́nrán mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ méjì lò lẹ́ẹ̀kan, yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín, ìrán rẹ̀ á sì fínjú. Ẹ má gé e gùn ju ìka yín dé ìgbọ̀nwọ́ lọ, kó má bàa lọ́.

Báyìí ni mo ṣe ń rán an. Ẹ fi kókó òwú pamọ́ sáàárín aṣọ méjèèjì. Ẹ gún abẹ́rẹ́ láti iwájú sí ẹ̀yìn, bíi mílímítà mẹ́ta sí etí. Bí òwú bá ti fẹ́ fà tán, yóò ṣẹ́ku bí òrùka kékeré. Ẹ gba abẹ́rẹ́ inú òrùka yẹn kọjá, kí ẹ wá rọra fà á títí òwú á fi sùn sórí etí aṣọ. Ẹ sún díẹ̀, ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá fà á le jù, etí á ká jọ. Bó bá dẹ̀ jù, á lanu. Tí ẹ bá dé ṣóńṣó ìràwọ̀, ẹ gún ojú ihò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan kí ẹ tó yí, ọ̀kan ní ṣóńṣó gan-an, ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá yí tán. Ibẹ̀ ni ìràwọ̀ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó ìka méjì sílẹ̀, ẹ ti ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un gba ibẹ̀, kí ẹ tó rán an pa. Òwú inú ìrọ̀rí àtijọ́ ló dára jù. Àjákù felt náà dára, ẹ kàn rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, àwọn ìràwọ̀ tó bàjẹ́ yẹn náà sì nìyẹn. Ìdí pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi tì í wọ ṣóńṣó, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, kó má lu aṣọ.

Bàbá Aránṣọ:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Etí tí o ní ó rí ṣágiṣàgi yẹn, sísọ́ọ̀sì ni. Èyí tí wọ́n fi ń gé ìwé nínú ilé ti kú ẹnu. Wá èyí tó mú, kí o sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé aṣọ nìkan ni tirẹ̀. Má máa fi ṣóńṣó rẹ̀ já aṣọ díẹ̀díẹ̀. Ki aṣọ bọ ẹnu sísọ́ọ̀sì jinlẹ̀, kí o gé e gígùn. Bí o bá dé ibi tó yí, aṣọ ni kí o máa yí, jẹ́ kí ọwọ́ tó di sísọ́ọ̀sì mú dúró sójú kan.

Gé páátánì sórí páálí, fi ọṣẹ gbígbẹ tó ti tín-ín-rín tọ etí rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ. Fún ohun kékeré bí ìyẹ́ ẹyẹ, píìnì máa ń yẹ̀. Ya á sórí ìwé, fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé náà mọ́ felt, kí o gé ìwé, téèpù àti aṣọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Má sì gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé felt tí wọ́n fi ike ṣe, yíyọ́ ni yóò yọ́.

Àǹtí Alábẹ́rẹ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ má ra felt mọ́! Súẹ́tà irun àgùntàn tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ mọ́ nínú ilé, felt ni. Ẹ kàn fẹ́ fọ̀ ọ́ ní ọ̀nà tí wọ́n ní ká má fi fọ̀ ọ́ ni.

Irun àgùntàn ní ìpẹ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Omi gbígbóná àti ọṣẹ máa ń mú kí ìpẹ́ náà ṣí, bí ẹ bá wá ń fọwọ́ ra á, wọ́n á há sínú ara wọn, wọn kò sì ní jáwọ́ mọ́. Súẹ́tà á sún kì, á nípọn, ojú ìhun rẹ̀ á pòórá. Ẹ wo lébẹ̀lì ọrùn rẹ̀ ná. Tí kì í bá ṣe irun àgùntàn nìkan, kó jẹ́ òun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣeé fọ̀ nínú ẹ̀rọ láìsí ewu, ẹ fi sílẹ̀, wọ́n ti pa ìpẹ́ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ fi súẹ́tà náà sínú àpò ìrọ̀rí, ẹ di ẹnu rẹ̀, ẹ ju ṣòkòtò jíǹsì tó ti gbó mọ́ ọn kó lè máa ra á. Tí kò bá sí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ ra á nínú báàfù fún bí ìdajì wákàtí, ẹ fi omi tútù ṣàn án. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ kó gbẹ, ẹ má sá a sórí okùn. Kí ẹ tó gé ọ̀ṣọ́ kankan nínú rẹ̀, ẹ gé igun kékeré kan wò. Tí òwú bá ṣì ń tú níbẹ̀, ẹ padà sínú omi.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an, ọkàn mi ti balẹ̀. Bàbá, ẹ ṣé o, mo ti fi sísọ́ọ̀sì kan pamọ́. Mo rí súẹ́tà méjì, aláwọ̀ ewé kan àti pupa kan. Pupa kò ní lébẹ̀lì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Àǹtí Alábẹ́rẹ́:
Ẹ fa fọ́nrán kan yọ níbi ìránpọ̀ rẹ̀, ẹ fi irin kékeré dì í mú lókè abọ́ omi, ẹ tanná ràn án, kí àwọn ọmọ jìnnà síbẹ̀. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jóná, eérú rẹ̀ á rún lọ́wọ́ yín. Èyí tí wọ́n fi ike ṣe á yọ́, á sì gan pa bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré.

Ọ̀dọ́ Olóṣọ̀ọ́:
Mo fẹ́ gba gọ́ọ̀mù sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó ki, èyí tí kì í ṣàn, dára fún ojú ẹyẹ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tí òwú kò lè dì dáadáa. Ẹ fi orí igi ìṣáná mú ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 bá wà nílé, ẹ yọ bọ́tìnì àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, òwú ni kí ẹ fi ya ojú ẹyẹ. Ẹnu ni wọ́n ń kó gbogbo nǹkan sí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Aláwọ̀ ewé ti di felt! Ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi fi dùn, apá rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ti gé igi mẹ́fà jáde. Pupa yọ́ lójú iná, ike ni, mo ti já a wẹ́wẹ́ sínú àpò fún kíkún inú. Ìràwọ̀ mẹ́rin ti parí, ṣóńṣó wọn sì mú bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ku ẹ̀wọ̀n ọ̀ṣọ́. Mo gba òwú kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń yí ẹ̀yìn sí wa, wọ́n sì ń yọ̀ lọ sáàárín òwú.

Olówùú Mẹ́fà:
Ojú kan lẹ gún. Ẹ gún ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi méjì lókè, kí ìka kan wà láàárín wọn, kí òwú gba ẹ̀yìn láti ihò àkọ́kọ́ dé èkejì. Kò ní lè yí mọ́. Ẹ wá ta kókó kékeré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò ní yọ̀.

Àǹtí Alábẹ́rẹ́:
Bí ọdún bá parí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, ẹ kó wọn sínú ike tí ìdérí rẹ̀ ń dé pa. Kòkòrò kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ irun àgùntàn, mo ti pàdánù ẹyẹ méje lọ́wọ́ rẹ̀ rí.