Wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ mi lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà á sí yunifásítì

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Àkọ́bí mi obìnrin kọ̀wé sí yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Lánàá ni lẹ́tà wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé ẹnìkan tó ti kàwé gboyè níbẹ̀ rí, tó ń gbé ní Boston, fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí Zoom ní Sátidé, aago 2 ọ̀sán. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ yìí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, tí àgbà bá ń bá a wí báyìí, ilẹ̀ ló ń wò. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Mo ti ní kó kọ ohun tó máa sọ sílẹ̀, kó há a sórí, kó má sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mi rárá, kí wọ́n má lọ fojú tálákà wò ó. Ṣé mo ṣe é re? Ṣé a sì máa fún ẹni yẹn ní nǹkan?

Ọmọ FUTA Àtijọ́
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, mà. Nígbà tiwa, máàkì JAMB àti post-UTME ni, lẹ́yìn náà ká máa yẹ CAPS, ojú ìwé JAMB tí wọ́n ti ń rí i bóyá wọ́n gbani wọlé, wò láàárọ̀ lálẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn. Àbúrò mi tó fẹ́ wọ NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun, nìkan ni wọ́n pè lọ sí Kàdúná síwájú àwọn ọ̀gá ológun.

Tíṣà, Òǹdó
Ìyá, ẹ dákun, kó má há nǹkan kan sórí! Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ṣe é bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin yẹn ní, "Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Ọmọ dákẹ́ lọ gbári, ó tún padà sí "Good morning sir, my name is". Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀.

Ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í rí èsì ìdánwò ọmọ. Ohun tó bá rí lára ọmọ ló máa kọ ránṣẹ́. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ló máa kó o pọ̀ mọ́ èsì ìdánwò, àròkọ àti lẹ́tà àwọn tíṣà. Ní Harvard pàápàá, tí wọn ò bá rí ẹni tó máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọn kì í torí ìyẹn fawọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó, gbájúẹ̀ ni.

Ará Àkúrẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù
Oxford ló le. Níbẹ̀, àwọn olùkọ́ tó máa kọ́ ọmọ gan-an ló ń bá a sọ̀rọ̀, lóṣù Kejìlá. Wọ́n lè gbé ìṣirò tí kò rí rí fún un, kó máa ro ó sókè kí wọ́n gbọ́. Tó bá ṣì í, kò burú. Ìdákẹ́ ló burú. Ti Amẹ́ríkà yìí, ìtàkùrọ̀sọ lásán ni. Àmọ́ mà, kó gbójú sókè o. Ẹni tó ń wolẹ̀, àwọn yẹn á ní ó ń fi nǹkan pamọ́ ni.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀
Kí ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an?

Ìyá Aláṣọ
Ó ń kọ àwọn tó ra àwìn àti iye ọ̀pá tí a tà sínú fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló ní kí n má ra àǹkárá yẹ́lò mọ́, pé oṣù mẹ́rin ló fi wà nílẹ̀. Mo bá a jà. Òótọ́ ló sọ.

Ìyá Ìbejì
Hẹn! Ìyẹn gan-an ni kó sọ! Ẹ tún ní kó fi ṣọ́ọ̀bù pamọ́.

Tíṣà, Òǹdó
Aago 2 Boston lóṣù Kọkànlá yìí, aago 8 alẹ́ tiwa ni o. Ẹ wá epo sí jẹnẹrétọ̀.

Ìyá Aláṣọ
Yéè! Ọ̀sán tiwa ni mo ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo ti pè é, mo sọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, mo ti mọ̀ pé alẹ́ ni." Ojú mi ló sì ń wò tó fi sọ ọ́.