Iṣẹ́ wo ni ọmọ ọdún mẹ́fà ń ṣe? Èsì mi lórí "oníṣègùn-iṣẹ́"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ka ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn gbé síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìlera tí Òyìnbó ń pè ní "occupational therapist", tí ń ran ẹni tó farapa lọ́wọ́ kí ó lè tún máa wẹ̀, kí ó máa wọṣọ, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa kọ̀wé fúnra rẹ̀, kí a máa pè é ní "oníṣègùn-iṣẹ́". Wọ́n ní ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì kọ fún kóòtù, nígbà tí wọ́n bá ń béèrè owó fún ọmọdé tí ẹlòmíràn ṣe léṣe, kí a máa pè é ní "ẹ̀rí oníṣègùn-iṣẹ́". Àlàyé wọn ni pé iṣẹ́ ni Òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ, iṣẹ́ náà ni kí àwa náà fi sọ ọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí wọ́n ti ń kọ Yorùbá kí èmi tó mọ bí a ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé, ohun tí ojú mi rí sì ni kò jẹ́ kí n gbà á.

Ọjọ́ kẹta tí mo kà á ni ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní Ìtòkò ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́tà dé sí wọn láti ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ló gbá ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló sì bá a lọ. Wọ́n ti ń múra ẹjọ́ owó náà sílẹ̀ fún kóòtù, ìwé tí onímọ̀ kọ nípa ọmọ náà sì wà nínú lẹ́tà, Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Ògbufọ̀ kóòtù ni mo jẹ́ ní Abẹ́òkúta yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń pè sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n lo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, mo sì kà á pé oníṣègùn-iṣẹ́ ti wá yẹ ọmọ wò nílé. Màmá gbé orí sókè. "Iṣẹ́ kẹ̀? Iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?" Kí n tó fèsì, wọ́n ti béèrè irú oògùn tí oníṣègùn náà fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo kà, ó sì ti ṣi ìyá náà lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú apá kejì ọ̀rọ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni ìjà mi wà. Iṣẹ́, ìṣẹ́ àti ìṣe kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí mo ní láti kọ́ nìyẹn níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn agbẹjọ́rò wa ti ń tẹ Yorùbá láìfi àmì kankan sí i: "onisegun-ise" lè jẹ́ ti ẹni tí ń wá iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera yìí ń wò ni ohun tí ènìyàn ń ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́, ohun tí a sì fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- mọ́ ṣe láti sọ gan-an nìyẹn. Àwọn tó kọ gírámà wa kò pe ọ̀rọ̀ tí ń sọ ohun tí olùwà ṣe ní ọ̀rọ̀-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n pè é, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó ń sùn àti ẹni tí ó ń ṣeré ń ṣe nǹkan, bí kò tilẹ̀ sí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí, pé ìṣe tún ń tọ́ka sí ìwà àti àṣà, àti pé "olùtọ́jú ìṣe" yóò dà bí ẹni tí ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá a lábàá pé kí a fi òòjọ́ kún un, kí ó di "olùtọ́jú ìṣe òòjọ́". A ti mọ òòjọ́ nínú oúnjẹ òòjọ́, a sì mọ̀ ọ́n nínú iṣẹ́ òòjọ́ tí a fi ń pe ohun tí ènìyàn fi ń jẹun. Mo rí i pé ìṣe òòjọ́ àti iṣẹ́ òòjọ́ súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí létí, ọkàn mi kò sì balẹ̀ tán lórí ìyẹn. Síbẹ̀, bí ẹni kan bá ṣì í gbọ́, yóò béèrè. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n wa lò kò ní jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Ní ti oníṣègùn, oògùn wà nínú rẹ̀. Ṣe oògùn ni ṣègùn. Ẹni tí mo ń sọ nípa rẹ̀ kì í fún ni lóògùn, kì í gún ni lábẹ́rẹ́. Olùtọ́jú ti tó o.

Ẹ̀gbọ́n wa tún fi Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta níbí, dá mi lóhùn, wọ́n ní ọmọ Abẹ́òkúta kò yẹ kó jiyàn pé iṣẹ́ ń woni sàn. Lóòótọ́, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ní Arò ní 1954, àárín àwọn ará abúlé ni àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn, ìgbé ayé abúlé sì wà lára ìtọ́jú wọn. Bákan náà, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fún ìtọ́jú yìí sílẹ̀ ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 1917, iṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi tọ́jú aláìsàn. N kò bá ìtàn jà. Àgbàlagbà ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tó bá àgbàlagbà mu lè há mọ́ ọmọdé lára.

Ohun tí kóòtù ń wá lọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí onímọ̀ nínú ẹjọ́ ọmọdé ló sì fi ìyàtọ̀ yẹn hàn jù. Àwọn bàbá wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ìyá wo ni kì í wẹ ọmọ ọdún méjì? Owó ìtọ́jú tí kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣírò fún ọmọ tó farapa ni ti ìtọ́jú tó lé lórí èyí tí òbí ì bá ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Nítorí náà, olùtọ́jú yìí ní láti ya ọwọ́ tí kò tó pẹpẹ nítorí ọjọ́ orí sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́ tí kò tó o nítorí ọkọ̀, kí ó sì sọ irinṣẹ́ tí ọmọ náà yóò nílò, àtúnṣe tí ilé wọn yóò gbà, àti wákàtí mélòó tí ènìyàn yóò máa fi ràn án lọ́wọ́ lójúmọ́. Kóòtù ni ó sì ń ṣe é fún ju ẹni tó sanwó fún un lọ.

Nínú ìwé tí mo kà fún màmá, ọmọ náà gbé súwẹ́tà ilé ìwé rẹ̀ wọ̀ lójú olùtọ́jú. Bọ́tìnnì 5 ló wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì de 2, ó fi eyín fa ìkẹta, ìyá rẹ̀ ló sì parí ìyókù nígbà tí ìṣẹ́jú 11 ti kọjá. Èyí ni ẹ̀rí náà. Ta ló lè pe bọ́tìnnì dídè ní iṣẹ́?

Ìyá bàbá mi, aláró ní Ìtokú, kò mọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣe àṣìṣe yìí. Nígbà tí àbúrò mi já bọ́ lórí igi máńgòrò, tí wọ́n sì ti tú igi tí wọ́n fi di apá rẹ̀ kúrò, gbogbo wa ní ara rẹ̀ ti yá. Ìyá bàbá mi ní rárá, pé ọwọ́ rẹ̀ kò tíì padà di tirẹ̀. Wọ́n kó ìko àti òkúta wẹ́wẹ́ fún un, pé kí ó máa bá àwọn di àdìrẹ oníko nírọ̀lẹ́. Wọn kò sanwó fún un, wọn kò sì ta aṣọ tó dì. Ìgbà tó di òkúta kan láìfi eyín fa ìko ni wọ́n tó ní ọwọ́ ti di tirẹ̀. Mo máa ń fẹ́ kí irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ wà láàyè nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ méjì tó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó pe àgbàlagbà tí ń dúró fún ọmọdé nínú ẹjọ́, tí Òyìnbó ń pè ní "litigation friend", ní "ọ̀rẹ́ ẹjọ́" tẹ̀lé Òyìnbó wọ inú igbó. Agbẹnusọ ọmọ ni mo lò ní kóòtù ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, kò sì sí ìdílé tó ṣì mí gbọ́. Owó gbà-má-bínú ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá wù ú ló ń sọ pé gbà, má bínú. Owó tí òfin pàṣẹ kì í ṣe ìpẹ̀tù, ohun tí ọmọ náà pàdánù ni wọ́n ń fi owó dí. Ìtanràn kọ́, nítorí ìjọba ló ń gba ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wa ní mo ń wá ìjà lórí èyí, n kò sì rò pé a ti parí rẹ̀. Ìdílé ọmọ yìí ṣì ní àkókò ju tiwa lọ: òfin 1980 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún 3 ìpẹ̀jọ́ fún ọmọdé títí yóò fi pé ọdún 18, bí wọ́n bá sì fẹ́ fi àdéhùn parí rẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí iye owó náà.

Mo padà sọ́dọ̀ màmá ní ọjọ́ kejì, mo sì tún ìwé náà kà. Mo ní olùtọ́jú ìṣe òòjọ́ wá wo ohun tí ọmọ ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé ó wo bó ṣe ń di irun ọmọlangidi rẹ̀? Ohun tó máa ń ṣe tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn." Mo ṣí ìwé náà dé ojú ewé kẹrin. Ó wà níbẹ̀. Kò tíì lè di í.