Ṣé lóòótọ́ ni AI ti ní "ọpọlọ" ju ènìyàn lọ? Mo fẹ́ kọ́ ọmọ SS2 n'Íjẹ̀bú-Òde

Tíṣà Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwọn ọmọ SS2, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ bá mi dá sí i. Ọmọ kan kà á pé GPT-3, ẹ̀rọ AI kan tó ń kọ ọ̀rọ̀, tó jáde lọ́dún 2020, ní parameter bílíọ̀nù 175. Ó tún kà á pé neuron, sẹ́ẹ̀lì tí ọpọlọ fi ń ronú, jẹ́ bílíọ̀nù 86 lórí ènìyàn. Ó ní ẹ̀rọ ti fi ìlọ́po méjì jù wá lọ nìyẹn, kò sẹ́jọ́ mọ́. Apá kan kíláàsì gbè é lẹ́yìn. Apá kejì ní ẹ̀rọ kò lẹ́mìí, nítorí náà kò lè ronú. Èyí náà kì í ṣe ìdáhùn sáyẹ́ǹsì.

Kí ló yẹ ká fi wé kí ni? Níbo ni wọ́n ti jọra, níbo ni wọ́n ti yàtọ̀? Kọ̀ǹpútà kò tó wa, iná kì í sì í dúró, nítorí náà bí ẹ bá mọ ohun tí a lè fi ṣọ́ọ̀kì ṣe lójú pátákó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ní kíkún.

Ọmọ Ṣágámù

Tíṣà, ẹ kú làálàá ọmọ. Ìṣirò ọmọ yẹn dáa, ohun tó fi wéra ni kò bára mu. Parameter kì í ṣe neuron. Nọ́ńbà kan péré ni, òun ló ń sọ bí iṣẹ́ tí a rán láti ibì kan ṣe máa wúwo tó nígbà tó bá dé ibòmíràn. Ohun tó ń ṣe irú ẹ̀ nínú ọpọlọ ni synapse, oríta tí neuron kan ti ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́. Neuron kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríta bẹ́ẹ̀, àròpọ̀ gbogbo wọn sì tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 100. Ẹ ní kí ọmọ náà fi bílíọ̀nù 175 pín in, yóò rí i pé ọpọlọ ló fi nǹkan bí ìlọ́po 570 jù ú lọ.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn alátakò rẹ̀ tíì yọ̀, torí iye kọ́ ni agbára. Ẹ wo 86 yẹn fúnra rẹ̀. Bílíọ̀nù 100 làwọn ìwé ń kọ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ẹgbẹ́ Suzana Herculano-Houzel ní Brazil po ọpọlọ di omi, tí wọ́n ka kóró inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tí wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2009. Nǹkan bí bílíọ̀nù 69 nínú rẹ̀ ló wà nínú cerebellum, ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gbòógì jẹ́ títọ́ ìrìn àti ìfaraṣe. Èèpo òkè tí a fi ń ronú tí a fi ń sọ̀rọ̀ kò ní ju bílíọ̀nù 16 lọ. Tó bá jẹ́ iye ló ń ronú ni, ẹ̀yìn orí ni èrò ì bá máa ti wá.

Ní ti ìyára, ẹ̀rọ ló yára. Neuron tó wà ní ìsinmi wà ní nǹkan bí −70 millivolt. Bí iṣẹ́ tó ń wọlé bá gbé e dé nǹkan bí −55, yóò ta, ìyẹn ni pé yóò rán iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, ìta náà yóò sì parí láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó yára jù nínú wọn kò lè ju ìgbà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ègé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń ṣe ju bílíọ̀nù kan lọ. Síbẹ̀, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ti pọ̀ jù fún yín láti dá ojú ẹni tí ẹ mọ̀ mọ̀ láàárín èrò Ojúde Ọba. Láàárín àkókò yẹn, neuron kò lè tò ju nǹkan bí ìgbésẹ̀ 100 lọ tẹ̀ léra. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé àìmọye neuron ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iná ni kí ẹ gbé dé kíláàsì, torí gbogbo wọn ló mọ yúníìtì mítà. Ọpọlọ ń jẹ nǹkan bí 20 wáàtì. Fún wákàtí 24, ìyẹn jẹ́ 0.48 yúníìtì, kò tó ìdajì. Bí a bá fi báìtì méjì kọ parameter kọ̀ọ̀kan, GPT-3 yóò gba 350 gígábáìtì. H100, káàdì kọ̀ǹpútà onígígábáìtì 80 tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ AI, ni kí ẹ fi ṣírò: ó kéré tán, márùn-ún ló máa gbà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ tó 700 wáàtì. Bí márààrún bá ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru láìsinmi, yúníìtì 84 ni lójúmọ́, láìka afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń tù wọ́n. Ká sòótọ́ ṣá, ẹ̀rọ yẹn ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹ́nnẹ́ Dátà

Ọmọ Ṣágámù ti sọ ti iye. Ẹ jẹ́ kí n fún Tíṣà ní ohun tí yóò fi ṣọ́ọ̀kì ṣe. Perceptron ni, èyí tí Frank Rosenblatt gbé jáde ní Amẹ́ríkà níparí àwọn ọdún 1950. Inú rẹ̀ lẹ ti máa rí bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Ẹ ní kí ẹ̀rọ mọ gàárì Ìjẹ̀bú yàtọ̀. Ohun mẹ́ta ni yóò wò: ṣé ó kan, ṣé ó gbẹ, ṣé ó pupa torí epo. Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ 1, bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ 0. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ ó sì ní nọ́ńbà kẹrin tí a ń pè ní àfikún. Òdo ni gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n ṣe ìlọ́po ohun tó wọlé, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi àfikún kún un. Bí àròpọ̀ bá ju òdo lọ, ẹ̀rọ ní "Ìjẹ̀bú ni". Bí kò bá jù ú lọ, ó ní "kì í ṣe".

Àpẹẹrẹ mẹ́ta lẹ ó fi kọ́ ọ. A: ó kan, ó gbẹ, kò pupa, Ìjẹ̀bú ni. B: kò kan, ó gbẹ, ó pupa, kì í ṣe. D: ó kan, kò gbẹ, kò pupa, kì í ṣe. Bí ìdáhùn ẹ̀rọ bá tọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá ní "kì í ṣe" sí èyí tó jẹ́ Ìjẹ̀bú, ẹ fi 1 kún ìwọ̀n gbogbo ohun tó jẹ́ 1 nínú àpẹẹrẹ náà, kí ẹ fi 1 kún àfikún. Bó bá ní "Ìjẹ̀bú ni" sí èyí tí kì í ṣe, ẹ yọ 1 bákan náà.

Bí ẹ bá tò wọ́n ní A, B, D, ìyípo àkọ́kọ́ (ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjá lẹ́ẹ̀kan) yóò parí sí kíkan 0, gbígbẹ 0, pupa −1, àfikún −1. Ìyípo kejì: 0, 1, −1, −1. Ìkẹta: 1, 1, −2, −1. Ní ìkẹrin, kò ní ṣi ọ̀kan kan. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni àfikún: àwọn ọmọ máa ń gbàgbé láti yí òun náà padà, nọ́ńbà wọn kò sì ní bá èyí mu mọ́. Kí ẹ kọ àwọn nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́yìn àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́yìn ìyípo.

GPT-3 kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí èyí: ìwọ̀n (parameter) bílíọ̀nù 175 dípò mẹ́rin, ìpele 96 léra wọn, ohun tó sì ń méfò ni ègé ọ̀rọ̀ tó kàn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pín ẹ̀bi àṣìṣe padà láti ìpele òkè dé ìsàlẹ̀ ni Rumelhart, Hinton àti Williams sọ di mímọ̀ káàkiri lọ́dún 1986.

Ìyá Ìperu

Ẹ ṣeun, Ìkẹ́nnẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ sílé pẹ̀lú èrò pé ohun tó wà lójú pátákó yẹn ni neuron. Ọ̀rọ̀ kan wà tí perceptron kan ṣoṣo kò lè kọ́ láéláé: "ọ̀kan nínú méjì, àmọ́ kì í ṣe méjèèjì pọ̀." Minsky àti Papert, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti fi èyí hàn lọ́dún 1969. Ẹ̀rọ nílò ìpele méjì kó tó lè ṣe é. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí tó wo neuron láti èèpo ọpọlọ ènìyàn rí i pé ẹ̀ka kan ṣoṣo lára rẹ̀ lè dá irú ìṣirò yẹn ṣe. Lọ́dún 2021, àwọn mìíràn gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ sín neuron kan ṣoṣo láti èèpo ọpọlọ eku jẹ. Ó gbà wọ́n ní ìpele márùn-ún sí mẹ́jọ. Neuron ọpọlọ kan, odidi ẹ̀rọ kékeré ni.

Ibi tí wọ́n ti jọra náà wà o. Àwọn olùwádìí Hubel àti Wiesel rí i nínú ọpọlọ ológbò, ní ìparí àwọn ọdún 1950, pé sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé ìlà tó dùbúlẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn, òmíràn ìlà tó dúró, òmíràn èyí tó dagun. Nígbà tí ẹ̀rọ AI kan, AlexNet, kọ́ bí a ṣe ń dá àwòrán mọ̀ lọ́dún 2012 láti inú àwòrán mílíọ̀nù 1.2, irú àwọn adá-ìlà-mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló hù jáde ní ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó fi wọ́n síbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu títí dòní.

Tíṣà Òde

Ọlọ́run á san yín lóore. Ìbéèrè kan ló kù: bí ọmọ bá kọ́ ẹ̀rọ yìí ní ohun kan lónìí, kí ló dé tí kì í rántí lọ́la?

Ọmọ Ṣágámù

Tíṣà, ibí yìí ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù lójú tèmi, ó sì ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ 86 àti 175 lọ. Bí ẹ ṣe ń kà èyí lọ́wọ́, synapse yín ń yí padà. Ti ẹ̀rọ kò yí. Ìwọ̀n rẹ̀ ti di dídì látìgbà tí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ sọ fún un ń wà lójú ewé tó wà níwájú rẹ̀ nìkan, bí ẹ bá sì ti ṣí ewé tuntun, ó tán. Èyí tí wọ́n ní ó ń "rántí", àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi pa mọ́ síbì kan, tí wọ́n tún ń lẹ̀ mọ́ orí ewé tuntun. Ẹ lè dán an wò: ẹ pa ìrántí yẹn nínú sẹ́tíǹgì, ẹ sọ orúkọ àdúgbò kan fún un, ẹ ṣí ìjíròrò mìíràn, ẹ bi í.

Ènìyàn kan ti wà bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 1953, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Henry Molaison ní Amẹ́ríkà torí wárápá, wọ́n sì gé apá tó pọ̀ nínú hippocampus rẹ̀, apá ọpọlọ tó ń fi ìrántí tuntun pa mọ́, kúrò lọ́tùn-ún lósì. Ó ń sọ̀rọ̀ geere, ó rántí ìgbà èwe rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, tó jáde, tó tún wọlé padà, àlejò tuntun ni lójú rẹ̀, títí tó fi kú lọ́dún 2008. Síbẹ̀ Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ tó yẹ̀ ẹ́ wò, rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń mọ yíyàwòrán látinú dígí sí i lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rántí pé òun ti ṣe é rí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ìwọ̀n ẹ̀rọ kò ṣe ìyẹn pàápàá.

Ìkẹ́nnẹ́ Dátà

Ẹ lè bi í pé kí ló dé tí wọn kò kàn jẹ́ kí ìwọ̀n máa yí lọ. Ìdí ni pé ẹ̀kọ́ tuntun máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Lọ́dún 1989, àwọn olùwádìí McCloskey àti Cohen kọ́ ẹ̀rọ kan ní ìṣirò "fi 1 kún un", ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá kọ́ ọ ní "fi 2 kún un", àkọ́kọ́ sì pòórá. Ìwọ̀n kan náà ló ń ru ẹ̀kọ́ méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé kí wọ́n da àpẹẹrẹ àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun nígbàkigbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ. Ọpọlọ ní ọ̀nà tirẹ̀: wọ́n ti rí i lára eku pé sẹ́ẹ̀lì hippocampus tó ṣiṣẹ́ nígbà tí eku ń rìn lójú ọ̀nà tún máa ń ta nígbà tó bá sùn. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀sán ti ń wọ èèpo ọpọlọ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìperu

Tíṣà, kí ẹ tó gbé ìṣirò gàárì yẹn lọ sí kíláàsì, ẹ kíyè sí èyí. Bí ọmọ kan bá tò wọ́n ní A, D, B dípò A, B, D, yóò parí sí kíkan 0, gbígbẹ 2, pupa −1, àfikún −1. Ẹ má fún un ní òdo, kò ṣi ìṣirò. Ìdáhùn rẹ̀ sí àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà, àmọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ kò ka kíkan sí rárá! Bí ẹ bá gbé gàárì funfun tó gbẹ tí kò kan síwájú rẹ̀, yóò ní Ìjẹ̀bú ni. Ti Ìkẹ́nnẹ́ yóò ní kì í ṣe. Àpẹẹrẹ kan náà, ìtòléra ló yàtọ̀. Ẹ fi gàárì funfun yẹn ṣe àpẹẹrẹ kẹrin, "kì í ṣe", sẹ́yìn B, kí ọmọ náà máa bá ìṣirò lọ láti ibi tó dé. Yóò dúró sí 1, 2, −1, −2.