“Ìkórìíra ìjòyè” kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Faransé mu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá “ìkórìíra ìjòyè” fún ìbínú tí àwọn ará Faransé ní, nígbà Ìyípadà Ńlá (Révolution) tó bẹ̀rẹ̀ ní 1789, sí àwọn “noblesse” wọn, ìyẹn àwọn ọlọ́lá tó ń jogún ipò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fara mọ́ ọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ìdílé lè ni oyè, síbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́. Ní Faransé ìgbà náà, gbogbo ọmọ tí ọlọ́lá bá bí, ọlọ́lá ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Lóòótọ́, olówó lè ra ipò lọ́dọ̀ ọba kó fi di ọlọ́lá, àmọ́ ohun tó ń rà náà ni kí ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí “bọ̀rọ̀kìnní” náà kò fi ṣe é lò.

Àǹfààní àjogúnbá yìí gan-an ni wọ́n gbógun tì. Ẹyẹlé ọlọ́lá á fò wá jẹ irúgbìn lóko àgbẹ̀, àgbẹ̀ ò sì gbọdọ̀ pa á. Àwọn aṣòfin ò fojú kékeré wo ẹyẹlé yìí: nínú òfin oṣù Kẹjọ ọdún 1789, wọ́n ní kí wọ́n máa sé e mọ́lé lásìkò tí ìlú bá dá, bó bá jáde, kí olóko pa á. Ní 19 oṣù Kẹfà ọdún 1790, wọ́n fòfin pa ipò ọlọ́lá fúnra rẹ̀ rẹ́.

“Ìtako ọlá-àjogúnbá” ni mo dábàá.

Ṣùgbọ́n kò lè kárí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó fi di 1793, “aristocrate”, ọ̀rọ̀ Faransé fún ọlọ́lá, ti di èébú tí wọ́n ń bu ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí, ìbáà ṣe àlùfáà tí kò búra fún ìjọba tuntun tàbí oníṣòwò tó kó ọjà pamọ́. Nínú àwọn tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún nígbà Ìpayà, ìyẹn ọdún 1793 sí 1794 tí ìjọba ń pa àwọn tí wọ́n pè ní ọ̀tá rẹ̀, àwọn ọlọ́lá ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tí a bá wá pe èébú yìí ní “ọlọ́lá”, àṣìlóye la fún òǹkàwé. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ ní “arisitokíráàtì” níbẹ̀.

Ó ku “ci-devant” (“ti tẹ́lẹ̀”), orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọlọ́lá lẹ́yìn 1790. “Ọlọ́lá-tẹ́lẹ̀rí” ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ fi Faransé kàwé, kí lẹ rí sí i?