Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, mo fẹ́ kọ́ idán káàdì: ìwé ni àbí fídíò?

Onígbàjámọ̀_Ẹ̀gbá:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Abẹ́òkúta ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun wà. Tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ náà sì kọ̀ tí kò dáhùn, Whot lèmi àti àwọn oníbàárà máa ń ta. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó wá gẹrun ìgbéyàwó rẹ̀ yọ káàdì lápò. Ó ní kí n mú ọ̀kan, mo mú un, mo wò ó, mo dá a padà. Ó gé e, ó tún un gé, ó ní kí n ṣí tòkè wò. Káàdì mi ni! Ó tì í bọ àárín lójú mi kòrókòró, ó fi ìka kan páálí náà lórí, káàdì mi tún ti padà sókè. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti kùn mí mọ́.

Mo ti ná ₦7,000 dànù báyìí. Ẹnì kan tó ń polówó lórí fóònù ní òun á kọ́ mi ní ọgbọ̀n idán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó fi ránṣẹ́ ni fídíò oníṣẹ́jú mẹ́rin àti páálí káàdì kan tí gbogbo ewé inú rẹ̀ jẹ́ Ayaba pupa. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé e wá kí òun bá mi pò ó. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Ẹ jọ̀ọ́, ìwé ni kí n rà ni àbí kí n máa wo fídíò? Ìwé wo gan-an? Dátà mi ò pọ̀, ọlọ́wọ́ òsì sì ni mí. Ìyá mi ti bá mi nídìí káàdì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àfi kí n lọ rí pásítọ̀.

Ọwọ́_Yá:
Bọ̀dá, YouTube ti tó o. Ta ló ń ka ìwé mọ́? Ìwé ò lè fi bí ọwọ́ ṣe ń yára hàn yín. Ẹ wò ó, ẹ ṣe é, ó parí.

Àgbà_Peckham:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ nítorí owó yẹn. Páálí tó tà fún ọ kì í ṣe jìbìtì látòkè délẹ̀, àwọn onídán gidi náà ń lò ó. Àmọ́ àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí ẹnì kan bá nawọ́ sí i. Ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n. Jù ú sísàlẹ̀ àpótí.

Èmi náà jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, tèmi tiẹ̀ pọ̀ ju tìrẹ lọ. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ní Sátidé, mo máa ń pidán níbi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n polówó tí mi ò rà. Ìwé mọ́kànlá, DVD tí n kò lè kà. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kan, àna mi ní kí n pidán kan fún àwọn àlejò. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ ogójì idán, mi ò mọ òpin ẹyọ kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kó gbogbo wọn sínú báàgì, mo ṣẹ́ ẹyọ kan kù: The Royal Road to Card Magic, tí Jean Hugard àti Frederick Braue kọ ní 1948. Bí wọ́n ṣe tò ó ló wù mí. Orí kìíní ò ju bí a ṣe ń po káàdì lọ, irú èyí tí ẹ̀yin náà ń ṣe tí ẹ bá ń ta Whot. Wọ́n á kọ́ ọ bí wàá ṣe máa pò ó tí káàdì kan ò fi ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kó àwọn idán tí ọgbọ́n yẹn ti tó fún sílẹ̀ fún ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é láti orí dé orí. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn fi pa ọ́ láyò, ó dá mi lójú pé gbígbé káàdì méjì bí ẹni gbé ẹyọ kan wà níbẹ̀. Iwájú lọ́hùn-ún nìyẹn wà nínú ìwé náà. Má fò lọ síbẹ̀. Oṣù méjì ni orí kìíní gbà lọ́wọ́ mi, ní yàrá àwọn awakọ̀, tíì mi á ti tutù.

Wọ́n máa sọ fún ọ pé kí o lọ wa The Expert at the Card Table ti S. W. Erdnase torí ọ̀fẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, ọdún 1902 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ọgbọ́n tí àwọn atatẹ́tẹ́ fi ń rẹ́ra wọn jẹ ló fi bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì le bí eegun. (Títí dòní, àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí ẹni tó ń jẹ́ Erdnase gan-an.) Fi í sílẹ̀ ná. Tí owó bá yọjú lọ́la, Card College ti Roberto Giobbi, ọmọ Switzerland, ìdìpọ̀ márùn-ún. Méjì àkọ́kọ́ á gbé ọ jìnnà.

Ní ti ọwọ́ òsì, ọlọ́wọ́ òsì lèmi náà. Mo fi bírò yí gbogbo "òsì" inú orí kìíní sí "ọ̀tún", mo yí "ọ̀tún" sí "òsì". Àwòrán ńkọ́? Gbé e síwájú dígí, ọwọ́ inú rẹ̀ á di tìrẹ. Tó bá jẹ́ fídíò, wá olùkọ́ tó kọjú sí ọ, kí o sì máa ṣe bíi tirẹ̀ bí ẹni ń wo dígí, torí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló dojú kọ òsì rẹ. Èyí tí wọ́n yà láti orí èjìká, ti àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún nìyẹn.

Dígí pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìgbà tó bá kan ibi màgòmágó gan-an lojú máa ń ṣẹ́, wàá sì rò pé ọwọ́ rẹ mọ́. Gbé fóònù síwájú, ya ara rẹ. Ojú á tì ọ́.

Onígbàjámọ̀_Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Kí ìwé náà tó dé, ṣé mo lè máa fi Whot dánra wò? Òun ló wà nílẹ̀.

Tíṣà_Ìṣirò_Iléṣà:
Whot ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní họ́sítẹ̀lì, nítorí náà ẹ jẹ́ n dáhùn. Àwọn ìwé yẹn gba pé káàdì 52 lẹ ní, A (ace) mẹ́rin, Ọba mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Whot jẹ́ 54, kò sì dọ́gba: róbótó (circle) méjìlá, ìràwọ̀ méje péré. Idán tó bá ní ká to A mẹ́rin sílẹ̀ ò ṣeé fi ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bìkítà nípa ohun tó wà lójú káàdì máa ṣiṣẹ́.

Ẹ gbìyànjú èyí lálẹ́ yìí. Bí ẹ bá ṣe ń gún páálí náà jọ, ẹ yọjú wo káàdì ìsàlẹ̀. Ká ní róbótó 7 ni. Ẹ jẹ́ kí ó mú èyí tó wù ú, kí ó gbé e lé orí, kí ó gé e, kí ó sì gbé apá ìsàlẹ̀ lé tòkè. Róbótó 7 ti jókòó lé káàdì rẹ̀ lórí nìyẹn. Ó lè tún un gé bó ṣe wù ú, kó má ṣáà pò ó. Ẹ wá máa ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan látòkè. Èyí tó bá tẹ̀ lé róbótó 7, òun ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: Whot 20 jẹ́ márùn-ún, bákan náà ni gbogbo wọn sì rí. Tó bá jẹ́ òun lẹ rí nísàlẹ̀, ẹ tètè gé káàdì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ò mọ̀ nígbà náà. Iwájú gbogbo yàrá 14 ni mo ti tọ́ka sí káàdì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mò ń sọ pé "èyí ni, rárá, èyí ni".

Ọ̀rọ̀ Ọwọ́_Yá ò burú o. Ìwé ò lè kọ́ èèyàn nígbà tó yẹ kó dánu dúró. Ẹ kà á tán kí ẹ tó wo fídíò ẹyọ ọgbọ́n yẹn nìkan. Tí ẹ bá sì rí Self-Working Card Tricks ti Karl Fulves, ọdún 1976, idán 72 tí kò gba ọwọ́ yíyára ló wà nínú rẹ̀.

Ọwọ́_Yá:
Mo gbà fún yín, Àǹtí. Mo ti lọ wá páálí Whot wa.

Onígbàjámọ̀_Ẹ̀gbá:
Ẹ gbọ́ ná! Mo ṣe é fún ìyá mi nísinsìnyí. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ káàdì wò dáadáa kí wọ́n lè rí i pé Whot ilé wa náà ni. Ìràwọ̀ 3 ni wọ́n mú. Nígbà tí mo ṣí i, wọn ò pe pásítọ̀. Wọ́n fà á gbà, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n wo iwájú, wọ́n ti jókòó báyìí, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ṣé kí n ṣe é?

Àgbà_Peckham:
Má ṣe é! Lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa wò. Sọ fún wọn pé oníbàárà dé.