Ìdárà kọ́ ni gbogbo rẹ̀: orúkọ fún orin tí a kò ṣètò tẹ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Orin tí à ń wá orúkọ Yorùbá fún, èyí tí Òyìnbó ń pè ní free improvisation, ni èyí tí àwọn olórin máa ń ṣe láìsí ìwé orin níwájú wọn, láìsí àdéhùn kankan lórí ohùn tàbí ìlù, tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti jáàsì (jazz) lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó irú àwo bẹ́ẹ̀ jọ. Orúkọ mẹ́rin ni ẹ ti mú wá: orin òmìnira, orin àìròtẹ́lẹ̀, orin àtinúdá àti ìdárà.

N ò fara mọ́ orin òmìnira. Bí Yorùbá bá gbọ́ ọ, ìjà fún ẹ̀tọ́ ni ọkàn rẹ̀ máa lọ bá, jáàsì sì ti ní irú orin bẹ́ẹ̀ ní ti gidi. Ní 1960, Max Roach, onílù jáàsì ará Amẹ́ríkà, ṣe àwo kan, We Insist!, lórí òmìnira àwọn aláwọ̀ dúdú. Nínú orin kan níbẹ̀, Abbey Lincoln, akọrin, ń pe orúkọ àwọn ẹ̀yà Áfíríkà lọ́kọ̀ọ̀kan, Babátúndé Ọlátúnjí, onílù ọmọ Nàìjíríà, sì ń dá a lóhùn, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú ìdáhùn rẹ̀. Orin òmìnira nìyẹn. Bí a bá wá fún èyí tí à ń sọ ní orúkọ kan náà, kí ni a ó fi ya méjèèjì sọ́tọ̀?

Ẹ̀gbọ́n tó mú orúkọ náà wá ní Ornette Coleman, afọnsaxophone jáàsì, ló kọ́kọ́ lò ó. Lóòótọ́, Free Jazz, ìyẹn jáàsì òmìnira, ló kọ sára àwo tó gbà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1960: ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin-mẹ́rin méjì, ọ̀kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 37. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Àwọn ibì kan wà tí gbogbo wọn ti jọ ń fọn ohùn tí a ti kọ fún wọn, kí ẹnì kan tó bọ́ síwájú. Kí "jáàsì òmìnira" dúró fún àwo yẹn àti àwọn tó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, kó má kọjá bẹ́ẹ̀.

Àìròtẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìjàǹbá nìyẹn. Kì í sì í ṣe òótọ́, nítorí ẹni tó bá gbọ́ bí Evan Parker ṣe ń fi imú mí sínú nígbà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì ń fọn saxophone lọ láìdánu dúró, yóò mọ̀ pé wọn ò bá iṣẹ́ ọwọ́ yẹn lójijì. Ohun tó fẹ́ fọn ni kò pinnu tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ àti èémí rẹ̀ ti múra sílẹ̀ tipẹ́. Àtinúdá gbòòrò jù. Ẹni tó jókòó kọ orin sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, àtinúdá lòun náà ń ṣe.

Ó wá ku ìdárà, òun ló sì dùn mọ́ mi jù. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn fi ìlù dárà. Omele á dì í mú gbọin-gbọin, ìyá ìlù á máa dárà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni jáàsì rí: duru àti jìtá ńlá ń tọ ọ̀nà tí gbogbo wọn mọ̀, fèrè ń dárà lé e lórí. Ṣùgbọ́n níbi tí kò ti sí omele ńkọ́? Àrà máa ń fẹ́ ohun tó dúró lábẹ́ rẹ̀, kí á tó mọ̀ pé àrà ni. Derek Bailey, onígìtá tó bá Evan Parker àti Tony Oxley dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Incus sílẹ̀ ní 1970, ti la ọ̀rọ̀ náà sí méjì: àwọn kan ń dárà nínú èdè orin tí wọ́n bá nílẹ̀, àwọn kan kò sì fẹ́ sọ èdè orin kankan. Àwọn àkọ́kọ́ ni ìdárà bá mu. Àwọn kejì ni mo fẹ́ máa pe orin wọn ní orin ojú-ẹsẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: iṣẹ́ kíákíá ni "lójú ẹsẹ̀", bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò jáfara. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ya orin yìí sọ́tọ̀ ni pé ìgbà tí a ń dá a àti ìgbà tí a ń gbọ́ ọ kò yàtọ̀.

Ní ti àwo fúnra rẹ̀, ẹnì kan ní kí á máa pe gbogbo èyí tó bá jáde lẹ́yìn àkọ́kọ́ ní àtúntẹ̀. Níbí, mo ní kí á ṣọ́ra. Gbígbà là ń gba ohùn sílẹ̀, títẹ̀ là ń tẹ àwo. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Bí ẹ bá rí àwo Blue Note, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì, tí àmì bí etí wà lára rẹ̀ nítòsí bébà àárín, ilé-iṣẹ́ Plastylite ló tẹ̀ ẹ́, kò sì kọjá 1966. Èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti inú ìgbàsílẹ̀ kan náà, àtúntẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ascension, àwo John Coltrane, afọnsaxophone jáàsì. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 28 oṣù Kẹfà 1965, àwọn olórin mọ́kànlá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan jáde, lẹ́yìn náà, Impulse, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, fi ìkejì rọ́pò rẹ̀ nínú páálí kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, A-95. Ohun tí wọ́n fín sí ibi tí orin parí sí lórí àwo, EDITION II, ló ń tú àṣírí. Ta ló máa pe ìyẹn ní àtúntẹ̀? Orin mìíràn ni. Ìgbàsílẹ̀ kejì ni kí á pè é, kí ẹni tó fẹ́ rà á máa béèrè ohun méjì: ìgbàsílẹ̀ wo, ìtẹ̀ wo?

Ó ku orúkọ ẹni tó ń kó wọn jọ. "Akó-àwo-jọ" dà bí ẹni tó fẹ́ fọ abọ́. "Aláwo" kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí bí ẹnì kan bá gbàgbé àmì ohùn báyìí, a ti dé ìdí Ifá. Kí á kúkú lo ọ̀rọ̀ àyálò: akó-rẹ́kọ́ọ̀dù-jọ.