Ọmọ Kétu ni mí, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò kan n'Ífẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Alákétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń kọ́ ní yunifásítì lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí kálukú wa lọ ṣe stage, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́, fún oṣù mẹ́ta, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní IT níbí, mo sì ti rí àyè gbà nílé iṣẹ́ rédíò kan n'Ífẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Lágere ni mò ń gbé.

Ohun méjì ló ń kọ mí lóminú. Yorùbá Kétu ló wà lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ tí mo lọ fi ìwé sílẹ̀, ọ̀gá kan níbẹ̀ ní kí n lọ tún ẹnu mi ṣe kí n tó ronú pé màá ka ìròyìn. Ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n kúkú pa ti Kétu tì títí màá fi parí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, torí ohùn ìyá mi ni wọ́n ní kí n jù nù yẹn.

Èkejì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kọ Yorùbá ní Benin yàtọ̀ sí tiyín. ɛ àti ɔ làwa ń kọ, kp ló wà níbi tí ẹ̀yin ti ń kọ p, sh ló sì wà níbi tí ẹ ti ń kọ ṣ. Tí wọ́n bá gbé ìròyìn lé mi lọ́wọ́ lójijì, ẹ̀rù ń bà mí pé màá máa kọsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ rédíò rí, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Mọ̀ọ̀rẹ̀
Káàbọ̀ sílé, ọmọ mi. Ìtàn sọ fún wa pé láti Ifẹ̀ níbí làwọn tó tẹ Kétu dó ti gbéra, nítorí náà má pe ara rẹ ní àlejò. Mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ rédíò, àmọ́ mo máa ń gbọ́ ọ tọ̀sán tòru. Bí mo bá gbọ́ ohùn Kétu níbẹ̀, inú mi á dùn.

Bàbá Oníròyìn
Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Ìròyìn kíkà yàtọ̀ sí ètò mìíràn lórí rédíò. Yorùbá àjùmọ̀lò la fi ń ka ìròyìn, ọ̀rọ̀ náà kò sì kan Kétu nìkan. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá jókòó síbẹ̀ kì í fi ohùn Ifẹ̀ ka ìròyìn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í fi ohùn Ìjẹ̀ṣà kà á. Gbogbo wa la kọ́ ọ. Ọ̀gá yẹn ì bá ti sọ ọ́ lọ́nà tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ, òun náà ṣe é nígbà tirẹ̀.

Ti àkọtọ́, má bẹ̀rù. Ìṣòro tó wà níwájú rẹ ju ṣ àti p lọ: ọ̀pọ̀ ìròyìn tí wọ́n á gbé fún ọ kò ní ní àmì ohùn rárá, nígbà mìíràn kò ní ní àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Wàá rí "oko" lórí ìwé, ìwọ lo máa mọ̀ bóyá oko ni, tàbí ọkọ, tàbí ọkọ̀. Gba ìwé náà ṣáájú, mú bíírò, fi àmì sí i fúnra rẹ láti òkè délẹ̀, kí o sì kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí o tó wọ sítúdíò. Bí àmì Benin ló yá ọ lọ́wọ́, ìyẹn ni kí o fi sí i. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò rí ìwé ọwọ́ rẹ. Orúkọ ènìyàn àti ti ìlú tí kò bá dá ọ lójú, béèrè. Kò sí ohun tó ń bí ará ìlú nínú tó kí wọ́n pe orúkọ ìlú wọn ní àpèdànù.

Láti òní, fi fóònù gba ìròyìn Yorùbá sílẹ̀ láti orí Òrìṣun 89.5 àti Great FM 94.5 ti yunifásítì, kí o máa kà á tẹ̀ lé wọn. Gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń mí.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kò béèrè ni mo fẹ́ béèrè. Gẹ̀ẹ́sì rẹ ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìròyìn fi ń wọlé sí wa, àwa la ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ sì nìyẹn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ìwọ. Ibẹ̀ yẹn ni kí o ti múra, kì í ṣe Kétu.

Atọ́kùn Òwúrọ̀
Mo fara mọ́ bàbá lórí ti ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ọmọ yìí mọ síbẹ̀. Àbúrò, tó o bá ti lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tọ ọ̀kan nínú àwọn atọ́kùn lọ, ní kó fún ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ètò rẹ̀. Sọ ìtàn Kétu fún wa ní ohùn Kétu. Sọ fún wa nípa Akaba Idena, ẹnubodè ńlá ìlú yín. Sọ bí àwọn ọmọ ogun Dahomey ṣe pa ìlú náà run lọ́dún 1886, àti bí wọ́n ṣe tún un tẹ̀ dó. Ọ̀pọ̀ ará Ifẹ̀ ò gbọ́ ọ rí. Faransé tó o gbọ́ náà wúlò: nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, àlejò máa ń wá láti Benin àti Togo, ta ló máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò nínú àwa tá a wà níbí?

Bàbá Oníròyìn
Ìyẹn dáa. Kó ṣáà kọ́kọ́ gba ohùn ètò náà sílẹ̀, kí olóòtú gbọ́ ọ, kó tó jáde. Bí àjọ HAAC ṣe ń ṣọ́ rédíò lọ́dọ̀ yín ní Benin, àjọ NBC ló ń ṣọ́ tiwa ní Nàìjíríà. Ọmọ mi, má ka ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn lórí afẹ́fẹ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Alhaji Ìlárè
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwé ìrìnnà. Ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá wà nínú ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lè wọ orílẹ̀-èdè tó kù nínú rẹ̀ láìgba físà, àmọ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni. IT oṣù mẹ́ta ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, o sì ti wà níbí kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ ní ẹnubodè? Ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ yẹn ni kó o ti ka. Má dúró dìgbà tó bá tán. Lọ sí ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n l'Óṣogbo pẹ̀lú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ rẹ àti lẹ́tà ilé iṣẹ́ rédíò náà, kó o béèrè bí wàá ṣe fi ọjọ́ kún un.

Ọmọ Alákétu
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, sà. Mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, sísọ ló máa ń ṣòro fún mi. Bàbá, mi ò ronú kan ti títúmọ̀ yẹn rárá. Faransé ni wọ́n fi kọ lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ mi. Ṣé wọ́n á gbà á bẹ́ẹ̀?

Alhaji Ìlárè
Má gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ Faransé ní yunifásítì níbí, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kó o wá mú méjèèjì dání. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ rédíò náà pẹ̀lú.

Bàbá Oníròyìn
Bí o bá ti lè ka Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Wá ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kúkurú kan lónìí, túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, fi àmì sí i, kí o kà á sínú fóònù. Fi ohùn náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ kó tó di alẹ́ Àìkú. Màá gbọ́ ọ, màá sì sọ ibi tó yẹ kí o tún ṣe fún ọ.